Kí ìwé gbélé-ẹ tó dé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ẹ kú oríire. Ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ìwé, ojú mi sì ti rí i tí iléeṣẹ́ ń dín èèyàn kù. Dídúró de ìwé gbélé-ẹ máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ju ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo mọ àwọn tí oorun ti dá lójú wọn, tí wọ́n ti ń jágbe mọ́ ọmọ nílé, kí wọ́n tó wá mọ̀ pé orúkọ àwọn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀.

Lọ́dún 1984, àwọn onímọ̀ méjì, Leonard Greenhalgh àti Zehava Rosenblatt, tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀. Wọ́n ní nǹkan méjì ló ń bí àìbalẹ̀ ọkàn lórí iṣẹ́: bí ewu náà ṣe tóbi tó lójú ẹni, àti bí èèyàn ṣe rò pé kò sóhun tóun lè ṣe sí i. Wọn ò ro méjèèjì pọ̀ o, ṣe ni wọ́n fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bí ẹ bá dín ẹyọ kan kù, gbogbo ẹrù náà ló máa fúyẹ́. Ewu yẹn, ọwọ́ àwọn ọ̀gá àgbà ló wà. Èkejì wà lọ́wọ́ yín, ó kéré tán, díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbà, tí mi ò fara mọ́, ni kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú. Wọ́n á kọ́kọ́ dé, wọ́n á kẹ́yìn lọ, ara wọn ò yá wọ́n á tún wá, kí ọ̀gá ṣáà lè rí wọn. Ọdún 1984 yẹn náà ni Richard Lazarus àti Susan Folkman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín kéèyàn kọjú sí ìṣòro fúnra rẹ̀ àti kéèyàn máa tu ara rẹ̀ nínú. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ohun tó burú ni kẹ́ ẹ máa tu ara yín nínú, kẹ́ ẹ sì máa pè é ní kíkọjú sí ìṣòro, bíi tàwọn tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú yẹn. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ dín ìnáwó kù, ẹ̀ka àti ipò ni wọ́n sábà máa ń wò, wọn kì í ka wákàtí tẹ́ ẹ fi jókòó.

Ìbéèrè ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ má bi ọ̀gá yín pé, "Ṣé wọ́n máa lé mi?" Òun náà lè má mọ̀, bó bá sì mọ̀, wọ́n lè ti ní kó má sọ. Ẹ bi í pé, "Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kí n gbájú mọ́ jù ní oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀? Ìgbà wo la máa gbọ́ ìpinnu?" Ọjọ́ pàtó, kódà kó jẹ́ ti ìròyìn búburú, sàn ju wúyẹ́wúyẹ́ orí fóònù lọ. Mi ò tíì rí ẹni tí ara rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tó ka wúyẹ́wúyẹ́ tán.

Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín. Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí wọ́n fi sọ fún yín ṣáájú? Owó wo ló tọ́ sí yín bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ lójú ẹsẹ̀? Àdéhùn 158 tí àjọ ILO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 1982 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ dá òṣìṣẹ́ dúró láìsí ìdí gúnmọ́, àti pé kí wọ́n sọ fún un ṣáájú tàbí kí wọ́n san owó dípò, àyàfi bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá wúwo. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i nìkan ló dè, nítorí náà ẹ wádìí òfin ilẹ̀ tiyín. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà, ẹ ti wọ̀ ọ́ kí wàhálà tó dé.

Ẹ máa kọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá parí sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Àṣírí iléeṣẹ́ ò gbọdọ̀ bá a lọ o. Ẹ má yá owó tuntun lásìkò yìí. Ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé.

Ohun tó ṣì ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí ni bí àwọn tó ṣẹ́ kù ṣe máa ń ṣe sí àwọn tó lọ. Wọ́n á máa sá fún wọn bí ẹni sá fún àrùn tó ń ràn. Ojú ló ń tì wọ́n pé àwọn ló kù, iṣẹ́ ẹni tó lọ á sì tún já lé wọn léjìká. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lọ ló ń tètè mọ ibi tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́, àwọn ló sì lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe gba ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè àlàáfíà wọn ná, kẹ́ ẹ tó dá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀.