Ẹ Má Dúró Síbi Tẹ́ Ẹ Ti Yí I Padà: Fífi Deconstruction Ka Americanah

Àwọn kan rò pé deconstruction, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ka ìwé, ni kéèyàn fọ́ ìwé túútúú, kó wá ní kò nítumọ̀. Rárá o. Nínú ìwé mẹ́ta tí Jacques Derrida, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé tó dá ọ̀nà yìí sílẹ̀, gbé jáde lọ́dún 1967, ibi tí ọ̀rọ̀ inú ìwé ti ń ta ko ohun tí ìwé náà fẹ́ ká gbà gbọ́ ló ń wá kiri.

Ẹ mú Americanah, ìwé ìtàn àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie kọ lọ́dún 2013. Ẹ wá ohun méjì tó ń kojú ara wọn níbẹ̀, kẹ́ ẹ wo èyí tí ìwé gbé ga. Ẹyọ méjì péré ti tó. Ohùn àbínibí àti ohùn àfarawé dáa.

Ifemelu, ọmọ Nàìjíríà tí ìtàn náà dá lé, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà tó lọ gbé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń polówó lórí fóònù wá yìn ín pé bí ará Amẹ́ríkà gan-an ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́. Àfìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ kí ojú tó tì í, ló bá pinnu pé òun ò sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Òǹkàwé á sáré kọ ọ́ pé àfarawé ti lọ, àbínibí ti dé. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn ní láti pinnu kó tó ṣe é, ṣé àbínibí náà ṣì ni? Àfarawé ló jẹ́ kó mọ̀ pé òun ní ohùn tòun. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ló kẹ́yìn dé.

Ibí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́: wọ́n á ní àfarawé ló wá ga jù, wọ́n á pa ìwé dé. Ẹni tó wà lókè àkàbà ló kàn sọ̀ kalẹ̀ yẹn. Àkàbà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí kò gbà láti dúró sápá kankan. Derrida rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ Plato, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì àtijọ́: pharmakon, ìwòsàn tó tún jẹ́ májèlé. (Oògùn tiwa náà ńkọ́? Òun la fi ń wo aláìsàn, òun náà la ń sọ pé wọ́n fi pa á.) Nínú Americanah, àkọlé gan-an ni: orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ Nàìjíríà tó ti Amẹ́ríkà dé tó ń ṣe bí ará ibẹ̀. Nígbà tí Ifemelu padà sí Èkó, Ranyinudo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi "Americanah" yẹ̀yẹ́ Ifemelu, ó tún ní kì í tiẹ̀ ṣe ojúlówó, torí kò sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà. Àfarawé pàápàá ti wá ní ojúlówó àti ayédèrú! Apá wo lẹ fẹ́ kó irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí?

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ, ẹ fi gbólóhùn inú ìwé àti ojú ìwé tó wà tì í lẹ́yìn. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò òǹkọ̀wé ò lè rọ́pò ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó lọ síbi ọ̀rọ̀ irun. Irun tó bá Ifemelu wáyé ni, síbẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.