Ìṣẹ́jú kan tí a fi dákẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé inú oṣù Ọ̀pẹ ni mo máa ń jókòó ro ohun tí ọdún gbé wá. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú bírò, mo kọ Ṣẹẹrẹ, mo kọ Èrèlé, mi ò rí nǹkan kan kọ síwájú wọn. Ẹrẹ́nà nìkan ni mo ń rí, àti Òkúdu. Ẹrẹ́nà ni Ọ̀gá wá kọ́ àwọn ọmọ. Òkúdu la sin Ọ̀gá.

Ẹ mọ Ọ̀gá, mo ti sọ̀rọ̀ wọn tó níbí. Àwọn ni wọ́n ń fi páànù sán ààrá lórí rédíò n'Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi, tí wọ́n ń fi èèpo àgbọn méjì sáré bí ẹṣin. Nígbà tí mo ń wá ẹni tí yóò bá mi kọ́ àwọn ọmọ márùn-ún tó fẹ́ fi sound design, iṣẹ́ ṣíṣe ohùn àti ariwo inú fíìmù, jẹun, ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ kọ̀ǹpútà. Mo ní èmi ló kù sí lọ́wọ́ láti kọ́ wọn níyẹn, kí Ọ̀gá ṣáà máa bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé, pẹ̀lú páànù tí wọ́n so mọ́ orí Micra láti Bẹẹrẹ. Wọ́n tún kó àpò èlùbọ́ kan dání, ìrèké tútù mẹ́ta, àti agboòrùn àtijọ́ kan. Wọ́n bu èlùbọ́ sínú àpò kékeré, wọ́n so ẹnu rẹ̀, wọ́n wá ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èèyàn ń rìn lórí iyanrìn. Wọ́n ṣẹ́ ìrèké: egungun dá. Wọ́n ṣí agboòrùn, wọ́n pa á dé, kíákíá, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ Ìṣẹ́yìn, tó ti dijú láti ìbẹ̀rẹ̀, ní òun rí ẹyẹ náà bó ṣe fò. Mo sọ fún Ọ̀gá pé ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, Jack Foley, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún fíìmù ní Universal, pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ náà títí dòní. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé òun náà ń lo èlùbọ́?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí ọmọ Ṣakí gbé iṣẹ́ tiẹ̀ jáde. Obìnrin kan dúró ní gáréèjì nínú fíìmù náà, ó ń sọ lórí fóònù pé, "Mo ń dúró de ọkọ̀." Jẹnẹrétọ̀ kan ń kùn nítòsí nígbà tí wọ́n ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Ṣakí ti fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo náà, ó sì gé ìparí ọ̀rọ̀ kí ìkùn náà má bàa ṣẹ́kù síbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni, "Mo ń dúró de ọkọ." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó tún un gbé sí i, lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá fi àtẹ́lẹwọ́ juwe bí ohùn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Ohùn yẹn ń lọ sílẹ̀," wọ́n ní, "o ò jẹ́ kó délẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ nǹkan yìí fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ọ̀rọ̀ wa bá parí sí ohùn ìsàlẹ̀, ohùn náà máa ń rọ̀ wálẹ̀ ni, ìrù rẹ̀ a sì tinrín. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń lò sì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìsàlẹ̀ níbi tí ohùn èèyàn ń rọ̀ sí náà ni ìkùn rẹ̀ wà. Ohun tí a fi ń yọ ariwo lè gbá ìrù ọ̀rọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Ẹni tó bá ti ka ìwé eré kò ní mọ̀, nítorí ọpọlọ rẹ̀ á ti bá a kún un. Nítorí náà la ṣe fi òfin kan lélẹ̀ lọ́jọ́ náà: kí a tó fọwọ́ kan ariwo, a ó kọ gbólóhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, tí a bá gé e tán, ẹni tí kò rí ìwé eré ni yóò gbọ́ ọ, yóò sì sọ ohun tó gbọ́. Òfin yìí wúlò ju gbogbo ohun tí mo ti fi ń kọ́ wọn lọ.

Kí a tó tú ká, ọmọ Ìṣẹ́yìn rántí room tone. Mo ti sọ fún wọn pé ibikíbi tí wọ́n bá ti gba ohùn, kí wọ́n gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú kan, torí yàrá kan ò dákẹ́ bí èkejì, òun la ó sì fi dí ojú ibi tí a bá gé. Ó ní kí gbogbo wa má mira. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n pa fáànù. Àwa méje dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó gbọ́ ìṣẹ́jú yẹn. Aago ara ògiri wà níbẹ̀, ewúrẹ́ kan ké lókèèrè. Èémí Ọ̀gá wà níbẹ̀. Ó ń fọn, ó ń há, ó tún ń fọn. Mo gbọ́ fáànù lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ́kípẹ́kí, mi ò gbọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti èlùbọ́. Ọmọ Mọ́níyà ló gbé e lọ sílé, ó ní kò ní ṣòfò. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ròyìn pé gbogbo ilé jẹ àmàlà yó, pé bàbá òun bèèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn lórí fóònù.

Nínú oṣù Agẹmọ, ọmọ Ìṣẹ́yìn gbé laptop rẹ̀ wá. Ó ní room tone ọjọ́ náà kò ṣeé lò nítorí èémí, pé òun ti yọ ọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ọkàn òun ò balẹ̀, lòun ṣe mú méjèèjì wá. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, n ò gbọ́ ojú ibi tó ti gé e. Mo ní kó máa lo èyí tó mọ́. Èkejì wà lọ́wọ́ mi.

Nínú àwọn márùn-ún, mẹ́ta ló kù. Ọ̀kan ti lọ sí Kánádà, ọ̀kan padà sídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì bá àwọn méjèèjì yọ̀, torí mi ò purọ́ fún wọn rí nípa owó iṣẹ́ yìí. Wọ́n lè fi oṣù kan ya fíìmù, kí wọ́n wá ní kí o parí ohùn rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ọmọ Ṣakí di máìkì mú fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún l'Abẹ́òkúta, wọ́n sanwó rẹ̀ pé. Reaper, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, la ń lò. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi ń jẹ́ kéèyàn dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ó di ọgọ́ta dọ́là, ẹ sì mọ ohun tí dọ́là ti dà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáwó rẹ̀ nínú oṣù Ògún, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á dá a padà fún yín ní ìlọ́po ìlọ́po.

Àwọn ọmọ Ọ̀gá gbé páànù fún mi. Ó wà lára ògiri yàrá iṣẹ́. Bí ọkọ̀ ńlá bá kọjá lójú títì, á gbọ̀n díẹ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni yóò kọ́ àwọn tuntun ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun ló bèèrè fún un. Ó ti ra èlùbọ́.

Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù Ṣẹẹrẹ la ó bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá ní hẹ́dífóònù kó mú tiẹ̀ dání, méjì péré ló kù tó ń ṣiṣẹ́.