Dírẹ́bà Tó Ń Yán

Ìgbà tó yán lẹ́ẹ̀kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Àga kejì lẹ́yìn dírẹ́bà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sí, mo sì ń rí ojú rẹ̀ nínú díńgí. Ó yán, ó fọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó tún yán. Paris la ti ń bọ̀, Lucerne ní Switzerland là ń lọ, ìrìn nǹkan bí 600 kìlómítà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti ń lọ lù, gbogbo èrò ti jẹun yó, bọ́ọ̀sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àfi gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa: táyà ti gun ìlà etí títì. Dírẹ́bà ta gìrì, ó sì dá ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà.

Mo dìde. Ẹ̀gbọ́n mi lajú, ó ní, “Àbúrò, jókòó jẹ́ẹ́, àbí ìwọ lo fẹ́ wà á ni?” Mo bá atọ́nà wa sọ̀rọ̀, ó wo aago, ó ní a ó pàdánù ọkọ̀ ojú omi tí a fẹ́ fi gbafẹ́. Mo ní kí ọkọ̀ ojú omi náà máa lọ. A yà síbi ìsinmi, dírẹ́bà mu kọfí, ó gbórí lé sítíárìn, ó sùn fún bí 20 ìṣẹ́jú. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o: kọfí kì í tètè ṣiṣẹ́ lára, oorun díẹ̀ ti wọlé kó tó dé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò rú òfin kankan tí mo lè tọ́ka sí. Òfin European Union ní kí dírẹ́bà sinmi fún 45 ìṣẹ́jú lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi sì wà lára àwọn tó ń kùn pé ó ń fi àkókò wa ṣòfò. Kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 9 lọ lójúmọ́, àfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè di 10. Ìsinmi alẹ́ jẹ́ wákàtí 11, wọ́n sì lè gé e sí 9 nígbà mìíràn. Tachograph, ẹ̀rọ kan inú ọkọ̀, ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n tachograph kò mọ̀ pé èmi fúnra mi lọ kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó wá ṣí búùtù fún mi nítorí ṣájà fóònù. Ó ti kó ẹrù gbogbo wa sọ̀kalẹ̀ kó tó lọ sùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wá.

Nígbà tí mo délé, mo kà nípa bọ́ọ̀sì kan ní Japan. Ní April 29, 2012, lójú ọ̀nà Kan-Etsu, dírẹ́bà sùn lọ, èrò 7 kú. Òun nìkan ló ń wakọ̀ lóru náà. Òfin ibẹ̀ nígbà yẹn gba dírẹ́bà kan láàyè tó 670 kìlómítà. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni wọ́n gé ìrìn òru dírẹ́bà kan sí 400.

Ní tèmi, mo ti ń de bẹ́líìtì, èyí tí mo jókòó lé lórí láti ọjọ́ kìíní. Kí n tó sanwó fún ìrìn-àjò, mo máa ń béèrè pé dírẹ́bà mélòó ni, aago mélòó ló ń sùn, aago mélòó ló ń jí. Àwọn tí mo bi kẹ́yìn fèsì pé, “Kì í rẹ dírẹ́bà tiwa.” Mi ò sanwó.