Mọ́mì mi àti mọ́tò tí ò dún
Mọ́mì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa mí ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London lánàá o. Èkó ni wọ́n ti ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n máa kó wá ò ní ṣeé gbé wọ tréènì, ni mo bá ti búùkù mọ́tò oníná lórí fóònù láti ilé, àwa nìkan, mo sanwó tán, wọ́n tiẹ̀ gba nọ́ńbà fúláìtì kí dírẹ́bà lè mọ̀ tó bá pẹ́. Ó sì pẹ́ lóòótọ́. Dírẹ́bà gbé páálí orúkọ wọn dání ní Terminal 3, àmọ́ ó kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, mọ́mì kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!

A wọnú mọ́tò tán ní káà páàkì, wọ́n ní "Kí ló dé tí ò tíì sítáàtì?" Mo ní mọ́mì, a ti ń lọ o. Wọ́n wo ìta, wọ́n pariwo Jésù! Mo wá ṣàlàyé pé ṣe ni wọ́n ń cháájì ẹ̀ bíi fóònù.

"Tí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́?"

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún dírẹ́bà, ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi sikiríìnì hàn wọ́n, bátìrì ṣì wà ní 71%. Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀ o, látorí títì M4 títí dé ilé ní Peckham ni wọ́n ń ka nọ́ńbà yẹn, "ó ti di 68 o", "ó tún ti lọ sílẹ̀". 62 ló kù nígbà tá a délé. Wọ́n ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí wọ́n fi ní "Bá mi sọ fún un kó tètè lọ cháájì ẹ̀ nígbà tíná ṣì wà."