Openpyxl tí Káyọ̀dé dá sílẹ̀

Alhaja tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ọjà wa kì í pè lásán. Bí wọ́n bá ti ní "Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni?", iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí wọn ò tiẹ̀ pè rárá, wọ́n wá bá mi nílé. Ìpàdé di ọ̀la, owó tí oníkálukú dá wà nínú Excel, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà lójú kan.

Ìyẹn ò le. Mo ti fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò kékeré kan tó máa ń ṣe é. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mò ń lò, openpyxl tí Python fi ń ka Excel kò sì tíì sí níbẹ̀. pip ló máa ń bá Python gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo bá tẹ "pip install openpyxl" sójú dúdú tí a ti ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Successfully installed". Mo ní kí ètò ṣiṣẹ́ báyìí, ó fèsì pé:

ModuleNotFoundError: No module named 'openpyxl'

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò sí níbẹ̀, mà."

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lójú gbogbo wa? Ṣé ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde ni?"

Ọ̀rọ̀ wọn ò jìnnà sí òótọ́. Mo tẹ "where python", Python méjì ló yọjú: 3.9 tó ti bá kọ̀ǹpútà wá, àti 3.12 tí mo gbé sí i. Ọ̀kan ni pip lọ gbé ẹrù fún, èkejì ni mo wá ń bi léèrè. Oògùn rẹ̀ ni "python -m pip install openpyxl", kí Python tó máa lò ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí ni NEPA mú iná lọ, íntánẹ́ẹ̀tì sì bá a lọ. Mo jáde lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí mo dé, mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Mo ní kí ètò ṣiṣẹ́.

E kaabo, Alhaja!
ImportError: cannot import name 'load_workbook' from 'openpyxl'

Ó ti rí openpyxl báyìí, àmọ́ kò rí load_workbook tó ń ṣí fáìlì Excel nínú ẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lo openpyxl, mi ò rí i kó kí ẹnikẹ́ni rí.

"Áà! Ó mà mọ̀ mí!" Alhaja tún gèlè ṣe. "A dúpẹ́ o, o ṣeun."

Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún fi sí i. Ó tún kí Alhaja. Alhaja tún jẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n yé yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní ó lẹ́kọ̀ọ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó ka ìlà àṣìṣe náà dópin. Ó kọ ibi tó ti rí openpyxl síbẹ̀. Ohun tí pip bá gbé wá, inú site-packages ló ń gbé, àmọ́ inú fódà tí ètò mi wà gan-an ni Python ti kọ́kọ́ wò, ó sì bá openpyxl.py kan tó jókòó síbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, ìkíni.

"Káyọ̀dé!"

Àbúrò mi yọrí láti kíṣìnì. SS2 ló wà. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ lọ bu epo, mo rí i tó kọ ọ́ pé kò sí openpyxl, ni mo bá dá ọ̀kan. Tíṣà wa ní fáìlì .py èyíkéyìí, module ni, ẹrù tí Python lè gbé lò."

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé òótọ́ ni tíṣà yẹn sọ.

Mo pa fáìlì ẹ̀ rẹ́, mo tún un tẹ̀, àkọsílẹ̀ jáde wẹ́rẹ́, orúkọ àti owó, kò sí wàhálà. Alhaja ò tiẹ̀ wò ó.

"Èyí tó ń kíni ńkọ́?"

"Mo ti yọ ọ́, mà. Káyọ̀dé ló kọ ọ́."

Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n ka ẹgbẹ̀rún méjì náírà sí Káyọ̀dé lọ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún un títí tó fi ń ṣe àmín lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi: kí n jẹ́ kí lẹ́tà yẹn tóbi díẹ̀ sí i.