Ọmọ tí kò mọ̀ pé ṣúgà òun ti lọ sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ, ọmọ ọdún 9 kan ló kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ń kun àwòrán níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gún un níka, ẹ̀rọ gbé 46 mg/dL jáde, ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ṣì í, mo tún un gún: 48. Ọmọ náà kò gbọ̀n, kò làágùn, kò sọ pé ebi ń pa òun. A fún un ní ṣúgà, ó gòkè, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Mo tilẹ̀ yin ìyá rẹ̀ pé iye ṣúgà tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nílé kò ga rárá. Ní ọjọ́ kẹrin, gìrì gbé ọmọ náà ní ìdájí.

Ohun tó yẹ kó dẹ́rù bà mí ni mo fi yìn wọ́n. Bí ṣúgà bá ń lọ sílẹ̀ lemọ́lemọ́, ara á bá a mọ́ra, adrenaline tó ń mú kí ọmọ gbọ̀n kó sì làágùn kò ní tètè jáde mọ́. Ṣúgà á máa wálẹ̀, ọmọ ò ní mọ̀. Ọmọ tí gìrì ti ṣe rí nítorí èyí, tàbí tó ti dákú rí, ewu rẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá jẹ́ kí ṣúgà lọ sílẹ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, ọ̀pọ̀ wọn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, ẹ má kàn béèrè bóyá ṣúgà ti lọ sílẹ̀ rí. Ẹ bi ọmọ pé, "Kí ló kọ́kọ́ máa ń ṣe ọ́? Ṣúgà rẹ máa ń wálẹ̀ tó iye wo kó o tó mọ̀?" Èyí tó bá dáhùn pé nǹkan kan kì í ṣe òun, ẹ má tètè jẹ́ kó lọ. Àwọn tí kò tí ì pé ọdún 6 kò lè ṣàlàyé. Òbí ni kí ẹ bi bóyá ọmọ máa ń dédé kanra.

Ẹ béèrè eré náà. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ gbá ní ìrọ̀lẹ́ lè fa ṣúgà wálẹ̀ lóru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ọmọ tí mò ń sọ yìí sáré ìje ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú gìrì yẹn, ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n dín ínsúlíìnì alẹ́ kù, torí mi ò sọ fún un.

Ẹ fọwọ́ tẹ ibi tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Bí ó bá ti le bíi kókó, ínsúlíìnì kì í gba ibẹ̀ wọlé dáadáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ṣí lọ sí ibi tí kò ní kókó, ìwọ̀n kan náà lè pọ̀ jù. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru, oúnjẹ tí ọmọ kò jẹ tán lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ọtí láàárín àwọn ọ̀dọ́: àwọn náà ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹ mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ínsúlíìnì tí ọmọ ń lò bá ṣáà ń dín kù láìnídìí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún àìsàn celiac (tí ìfun kì í fi gba gluten inú àlìkámà) àti ti Addison (tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín kì í fi mú omi ara bíi cortisol jáde tó).

Ẹ má sì torí ẹ̀rù sọ fún òbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ṣúgà ga. Mo ti rí ọmọ tí HbA1c rẹ̀ (àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù 2 sí 3 hàn) ga, tí ṣúgà rẹ̀ ṣì lọ sílẹ̀ tó sì dákú. Ẹ kọ́ ẹni tó ń sùn nítòsí ọmọ bí wọ́n ṣe ń gún glucagon, abẹ́rẹ́ tó ń gbé ṣúgà gòkè: 0.5 mg fún ọmọ tí kò tó 25 kg, 1 mg fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti dín ínsúlíìnì rẹ̀ kù, ọmọ yẹn tún wà níwájú mi pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ní orúnkún òun ń gbọ̀n. Mo gún un níka. 66.