Àyẹ̀wò ọdún wa: ẹyẹ tí orin ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀

Èrò kan ṣoṣo ni ọdún yìí yí padà lọ́kàn àwa tí à ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀ ní agbègbè Àkúrẹ́. A máa ń rò pé bí ohùn ẹyẹ bá ti wà nínú fáìlì, orin rẹ̀ kò lè parun mọ́. A ti jáwọ́ nínú ìyẹn.

Ẹyẹ regent honeyeater ti Ọsirélíà ló là wá lójú. Ẹyẹ dúdú ni, aláwọ̀ ìyeyè lápá àti nírù, omi dídùn inú òdòdó eucalyptus sì ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú igbó rẹ̀ dá oko, nǹkan bí 300 ló sì ṣẹ́ kù nínú igbó. Àwọn onímọ̀ gba ohùn àwọn akọ rẹ̀ láti 2015 sí 2019. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2021, 27 nínú 100 akọ ni orin wọn yàtọ̀ sí ti àdúgbò wọn. Àwọn 12 nínú 100 kò tilẹ̀ mọ orin ìran wọn rárá, orin ẹyẹ mìíràn ni wọ́n ń kọ. Irú akọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí abo bá pa ìtẹ́.

Kí ló fà á? Kì í ṣe bàbá ló ń kọ́ ọmọ lórin. Bí ẹyin bá ti pa, akọ máa ń panu mọ́ nítòsí ìtẹ́, kí ọ̀tá má baà gbúròó wọn. Ìgbà tí ọmọ bá fò jáde ló máa ń wá àwọn àgbà akọ mìíràn tẹ́tí sí. Nígbà tí wọ́n pọ̀, kò ṣòro. Ní báyìí tí wọ́n tuká, ẹyẹ tó bá wà nítòsí, ì báà jẹ́ friarbird tàbí currawong, ni yóò di olùkọ́. Ẹni tó bá mọ ọmọ Àkúrẹ́ tí wọ́n tọ́ l'Ékòó, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kò lè fi èdè Àkúrẹ́ kí ìyá ìyá rẹ̀, á mọ ohun tí à ń wí.

Láti 1995 ni Taronga Zoo ní Sydney ti ń sin ẹyẹ yìí, ṣùgbọ́n orin àwọn tí wọ́n bí sínú àkámọ́ kò jọ ti igbó. Wọ́n lo sípíkà láti fi orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ, kò tó. Wọ́n wá mú akọ tí wọ́n bí nínú igbó wọlé, wọ́n sì dín iye ọmọ tó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan kù. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn tó mọ orin náà kúrò lórí òdo, wọ́n dé 42 nínú 100. Lójú tiwa, iye ọmọ yẹn ni kókó: bí ọmọ bá pọ̀ jù lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ariwo ara wọn ni wọ́n máa ń kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ ẹyẹ kékeré kan, white-crowned sparrow, máa ń kọ́ orin látinú téèpù bó bá gbọ́ ọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 50 tí wọ́n bí i. Lẹ́yìn ìyẹn, téèpù kì í ràn án mọ́. Ní 1984, àwọn onímọ̀ méjì, Baptista àti Petrinovich, fi hàn pé bí ó bá jẹ́ ẹyẹ alààyè ló ń kọ ọ́ níwájú rẹ̀, ó ṣì lè kọ́ ọ lẹ́yìn ọjọ́ 50.

Kí wá ni iṣẹ́ fáìlì? Ẹ̀rí ni, òun la ó fi mọ ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Nínú igbó ọba Àkúrẹ́-Ọ̀fọ̀sù tí oko kòkó ń jẹ wọlé, a nílò ẹ̀rí náà kí ẹyẹ tó dákẹ́. A kì í sì í mú ẹyẹ sínú kéèjì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni voice note WhatsApp: ó máa ń fún ohùn pọ̀, ó sì ń gé ohùn tó tínrín lókè dànù. WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí ẹ fi gbà á, ẹ tò ó sí 48 kHz, 24 bit, kí ibi tí ohùn ti ga jù wà ní nǹkan bí −12 dB lórí ìwọ̀n ohùn ẹ̀rọ yín; bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ ló dára. Ìhó jẹnẹrétọ̀ kò bà wá lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, ó ṣeé gé kúrò. Ìrẹ̀ ni wàhálà, torí ohùn rẹ̀ àti ti ẹyẹ jọ wà lókè. Bí ẹ̀gà bá sì ti kún orí ọ̀pẹ kan, ẹ sún kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí akọ kan kọrin tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ fẹnu sọ ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ wà sí ìparí fáìlì. Akọ kan kò lè sọ bí orin àdúgbò ṣe rí. Ẹ wá mẹ́wàá, kí ẹ rìn tó igba mítà láàárín méjì kí ẹ má baà gba ẹnìkan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má gbé sípíkà tó ń kọ orin wọn tì wọ́n ní àkókò ìtẹ́. Akọ á fi ìtẹ́ sílẹ̀ wá bá sípíkà jà.

Tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní Máàṣì, ibi kan náà la ó padà sí, aago kan náà, máìkì kan náà.